Gol en Las Gaunas: àwọn wo ló wà nídìí rédíò bọ́ọ̀lù Sípéènì?

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Leganés:

Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn ó ti pẹ́. Mo ní kí n gbé e síbí kí àwọn tó mọ̀ jù mí lọ bá mi tú u.

Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, ní ilé ìkẹ́rùsí kan lẹ́bàá Madrid. Rédíò kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi okùn so kọ́ ìṣó lára òpó, eruku ti bò ó débi pé a ò mọ àwọ̀ rẹ̀ mọ́. Bí aago mọ́kànlá àbọ̀ bá ti lù, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. El Larguero, ètò bọ́ọ̀lù òru, ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Larguero ni wọ́n ń pe igi òkè ojú ilé góòlù, èyí tí bọ́ọ̀lù máa ń gbá tí gbogbo sitédíọ̀mù á káwọ́ lérí. Inú rédíò yẹn ni mo ti gbọ́ èdè wọn. Kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè iye tòmátì lọ́jà, mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń bú rẹfirí.

Ohun tó jẹ́ kí n máa wádìí nìyí. Lóṣù kẹsàn-án ọdún 2023, alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, bàbá ọmọ Sípéènì kan tí a jọ ń di ẹrù dédé dáwọ́ dúró. Ó mú tépù tó fi ń di páálí dání, kò gé e, kò lẹ̀ ẹ́, omi ń bọ́ lójú ẹ̀. Mo rò pé wọ́n tufọ̀ fún un láti ilé ni. Ó ní rárá, Pepe Domingo ló kú. Mo ní ta ni ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ó ní ẹni tó ń polówó ọjà nínú ètò bọ́ọ̀lù.

Ẹ gbọ́ o. Àgbàlagbà ọkùnrin ń sunkún nítorí ẹni tó ń polówó ọjà! Mo délé, mi ò lè sùn. Pepe Domingo Castaño, ọmọ ilẹ̀ Galicia, ẹni ọgọ́rin ọdún ni nígbà tó kú lọ́jọ́ 17 oṣù náà. Ó kọrin rí, ó ṣe ètò orin rí, àmọ́ ìrọ̀lẹ́ bọ́ọ̀lù ló sọ ọ́ di ara ilé gbogbo èèyàn. Bó bá ti ní "¡Hola, hola!" báyìí, wọ́n mọ̀ pé ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ti dé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ níbí, ẹ jọ̀ọ́, irú èèyàn wo ni àwọn wọ̀nyí?

Kọ́lá_Mọ́kọ́lá:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín níbi tòmátì yẹn. Àmọ́ mi ò rí ohun tó le níbẹ̀. Kọmẹ́ńtétọ̀ ni kọmẹ́ńtétọ̀ ń jẹ́. Tí èmi bá ń wo bọ́ọ̀lù, mo máa ń pa ohùn wọn ni, tèmi tó mi í pariwo.

Àǹtí_Bísí_Vallecas:

Kọ́lá, ìwọ ọmọ yìí, o ò tíì gbọ́ rédíò rí ni.

Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti wà ní Madrid, ẹ jẹ́ kí n sọ ìwọ̀nba tí mo mọ̀. Carrusel Deportivo ni ìyá gbogbo ètò bọ́ọ̀lù wọn. Ọdún 1954 ló bẹ̀rẹ̀ lórí Cadena SER, ilé iṣẹ́ rédíò ńlá kan níbí. Bobby Deglané, ọmọ Chile kan tó ti di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ní Madrid, àti Vicente Marco ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, Vicente Marco ló sì jókòó tì í fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ mọ ohun tó mú un gbilẹ̀? Tẹ́tẹ́ ni. Láti 1946 ni tẹ́tẹ́ ìjọba tí wọ́n ń pè ní quiniela ti wà. Wọ́n á fún ẹ ní bébà, o kọ 1 bí onílé bá máa borí, 2 bí àlejò bá máa borí, X bí wọ́n bá máa ta ọ̀mì. Láyé ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ ìdíje ló ń wáyé lẹ́ẹ̀kan náà, ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Tẹlifíṣọ̀n kò lè fi gbogbo ẹ̀ hàn. Rédíò nìkan ló lè wà ní Bilbao, kó wà ní Sevilla, kó tún wà ní Valencia, láàárín ìṣẹ́jú kan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fún un lórúkọ ẹṣin onígi tí àwọn ọmọdé ń gùn yí po.

Ibi tó ti dùn ni pé, ò ń gbọ́ bọ́ọ̀lù Real Madrid lọ jẹ́ẹ́jẹ́, ohùn kan á já lu ọ̀rọ̀ bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó: "¡Gol en Las Gaunas!" Ìyẹn ni pé góòlù ti wọlé ní Las Gaunas, pápá àwọn Logroñés, ní ìlú Logroño níbi tí ọtí wáìnì ti ń wá. Kò ní sọ ta ló gbá a wọlé, kò ní sọ ta ló jẹ ẹ́. Gbogbo orílẹ̀-èdè á dákẹ́, oníkálukú á na bébà tẹ́tẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ìgbà tí Logroñés wà nínú líìgì àgbà, láti 1987 lọ, ni ariwo yẹn gbajúmọ̀ jù. Ìyá onílé tí mo kọ́kọ́ bá gbé kò mọ bọ́ọ̀lù rárá, kò dé Logroño rí. Àmọ́ bí àwo bá já lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní kíṣìnì, "Gol en Las Gaunas" ló máa ń sọ.

Bàbá_Pool_Òṣogbo:

Háà! Àǹtí Bísí, ẹ rán mi létí ayé. Ohun kan náà ni tiwa. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé, àwa tí à ń ta pool á pé yí rédíò BBC ká, wọ́n á máa ka èsì bọ́ọ̀lù ìlú Òyìnbó. Ẹni tó ń kà á, ohùn rẹ̀ nìkan ti tó. Bó bá gbé ohùn sókè lórí ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ tó wá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ lórí èkejì, a ti mọ̀ pé àlejò kò rí nǹkan kan mú lọ sílé. Bọ́ọ̀lù tí a ò rí, ìlú tí a ò dé, ṣùgbọ́n a mọ orúkọ gbogbo wọn. Bàbá mi kò lè ka ìwé, àmọ́ ó lè pe Queen of the South bí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀.

Dípọ̀_Zaragoza:

Ẹ kú ìtàn. Àmọ́ ẹ ò tíì dárúkọ ẹni tó dá rúgúdù sílẹ̀ gan-an. José María García!

Kí García tó dé, eré ìdárayá lórí rédíò, ọ̀rọ̀ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni. Òun ló gbé e lọ sí òru. Láti 1972 ló ti ń ṣe é lórí SER nínú Hora 25, nígbà tó di 1982 ó kó lọ sí Antena 3 Radio, orúkọ ètò rẹ̀ níbẹ̀ sì ni Supergarcía en la Hora Cero. Aago méjìlá òru! Ẹni tó máa jí lọ síbi iṣẹ́ ní aago mẹ́fà ò ní lọ sùn. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù nìkan ló ń sọ, àwọn ọ̀gá bọ́ọ̀lù ló ń fi ṣeré. Ó mú Pablo Porta, ààrẹ àjọ bọ́ọ̀lù Sípéènì, ó sọ ọ́ di "Pablo, Pablito, Pablete", bí ìgbà téèyàn ń pe ọmọ jòjòló. Ààrẹ o! Ó ní èébú tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Abrazafarolas, ìyẹn ni ẹni tó ń dì mọ́ òpó iná. Chupóptero, ìyẹn ni eṣúṣú tó ń fa ẹ̀jẹ̀ ìlú mu. Lametraserillos ńkọ́? Mi ò ní túmọ̀ ìyẹn, àwọn àgbà wà níbí.

Kọ́lá_Mọ́kọ́lá:

Ẹ̀gbọ́n Dípọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ túmọ̀ ẹ̀.

Àǹtí_Bísí_Vallecas:

Ẹni tó ń lá ìdí ọ̀gá. Ó tán. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ síwájú.

Dípọ̀, o gbóríyìn fún García ju bó ti yẹ lọ. Ẹni kékeré ni lóòótọ́, Butanito ni wọ́n ń pè é, ìyẹn sìlíńdà gáàsì kékeré, ó sì máa ń bú bí gáàsì lóòótọ́. Àmọ́ ẹni tó bá ti bá a jà ti wọ gàù. Kò sí ọ̀nà tí wàá gbà fèsì, tìrẹ ni máìkì? Mo mọ àwọn èèyàn tó ń gbọ́ ọ lálaalẹ́ tí wọ́n sì kórìíra rẹ̀.

Dípọ̀_Zaragoza:

Mo gbà, Àǹtí. Ẹ̀rù rẹ̀ ń ba gbogbo èèyàn. Àmọ́ ẹ má gbàgbé alẹ́ kan.

Ọjọ́ 23 oṣù kejì, ọdún 1981. Antonio Tejero, ọ̀gá nínú àwọn Guardia Civil, ìyẹn ọlọ́pàá ológun Sípéènì, kó àwọn ọmọ ogun rẹ̀ wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Madrid pẹ̀lú ìbọn, wọ́n fẹ́ gba ìjọba. Máìkì SER wà nínú ilé náà, torí wọ́n ń gbé ìjókòó aṣòfin sáfẹ́fẹ́. Gbogbo ìlú gbọ́ ìró ìbọn. Àwọn ológun wọ ilé tẹlifíṣọ̀n ìjọba, ó ku rédíò. Ta ni SER rán lọ síwájú ilé aṣòfin? García àti àwọn ọmọ rẹ̀, pẹ̀lú ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé ìdíje sáfẹ́fẹ́. Àwọn ló mọ bí wọ́n ṣe ń dúró lójú títì, tí wọ́n ń sọ ohun tí wọ́n ń rí láìsí ìwé lọ́wọ́, kí ìṣẹ́jú kan má sì ṣófo. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nígbà ìdíje kẹ̀kẹ́ náà ni. Òru àwọn tiransísítọ̀ ni wọ́n ń pe òru yẹn dòní, torí pé etí rédíò ni gbogbo ilé sùn sí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìdìtẹ̀ náà ti forí ṣánpọ́n.

Mo máa ń sọ fún àwọn tó bá ń fojú tín-ín-rín wo oníròyìn bọ́ọ̀lù pé, ẹ lọ gbọ́ alẹ́ yẹn.

Bàbá_Pool_Òṣogbo:

Àwa náà mọ rédíò ìdìtẹ̀gbàjọba, ọmọ mi. Tiwa, orin ológun ni wọ́n máa ń fi sí i láàárọ̀, a óò ti mọ̀.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Leganés:

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí bàbá ibi iṣẹ́ wa sọ fún mi, torí òun ló la ìjà méjèèjì já.

Ìjà kìíní ni ti òru. Ní 1989, SER gbé José Ramón de la Morena dìde, ọmọ Brunete, kó lọ dojú kọ García ní aago kan náà. El Larguero nìyẹn. Wọ́n bú ara wọn lórí afẹ́fẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ilé sì pín sí méjì. Bàbá yìí ní ti García ni bàbá òun, ti De la Morena ni òun, rédíò méjì ló wà nílé wọn, ọ̀kan ní kíṣìnì, ọ̀kan lábẹ́ ìrọ̀rí. Ní 1995, èsì EGM, ìwádìí tí wọ́n fi ń mọ iye olùgbọ́, fi hàn pé De la Morena ti já García sílẹ̀. García ti kó lọ sí COPE, ilé iṣẹ́ rédíò míì, nígbà náà, ó tún lọ sí Onda Cero ní 2000, ó sì fi máìkì sílẹ̀ ní 2002. De la Morena náà fi SER sílẹ̀ ní 2016, òun náà gba Onda Cero lọ! Ibẹ̀ ló ti fẹ̀yìn tì ní 2021. Manu Carreño ló jókòó sórí El Larguero lẹ́yìn rẹ̀.

Ìjà kejì ló ká mi lára jù. Paco González ló ń darí Carrusel láti ọdún 1992, Pepe Domingo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìpolówó, Manolo Lama ń pariwo góòlù. Ní 2010, kí ife ẹ̀yẹ àgbáyé tó bẹ̀rẹ̀ ní South Africa, aáwọ̀ dé láàárín SER àti Paco, wọ́n sì yà. Ẹ mọ ohun tí àwọn tó kù ṣe? Pepe Domingo dìde, ó tẹ̀ lé e. Lama tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí orúkọ wọn kì í jáde lórí afẹ́fẹ́ tẹ̀ lé e. Nígbà tí líìgì máa fi bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹjọ, wọ́n ti wà lórí COPE, wọ́n pe ètò tuntun náà ní Tiempo de Juego. COPE yìí, àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì ló ni ín o. Ẹ wá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pariwo mọ́ rẹfirí nílé Olúwa.

Ẹ padà síbi rédíò tó wà lórí ìṣó. Mo ṣàkíyèsí pé ìlà méjì ló wà lójú ẹ̀, níbi tí ọ̀pá pupa ti ń rìn. Èékánná-pupa obìnrin ni wọ́n fi kùn ún. Mo bi bàbá náà léèrè. Ó ní ìlà kìíní ni SER, tòru. Ìlà kejì ni COPE, òun fi èékánná-pupa ìyàwó òun kùn ún lọ́dún 2010, ní ọ̀sẹ̀ tí Pepe Domingo kó lọ. Ó ní òun ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láti ọjọ́ ìgbéyàwó òun, ṣùgbọ́n torí Pepe, òun gba rédíò àwọn bíṣọ́ọ̀bù láàyè nílé.

Kọ́lá_Mọ́kọ́lá:

Ẹ dúró ná! Manolo Lama àti Paco González! Ṣé àwọn kọ́ ni ohùn wọn wà nínú géèmù FIFA téèyàn bá yí i sí èdè Sípáníìṣì? Àbúrò mi yí i síbẹ̀ láti bí mi nínú, a ò sì mọ bí a ṣe ń dá a padà fún oṣù mẹ́ta. Áà, mo ti ń gbọ́ wọn láìmọ̀!

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Leganés:

Àwọn gan-an ni, Kọ́lá. O ti wà nínú ẹgbẹ́ láìsanwó.

Dípọ̀_Zaragoza:

Ìtàn èékánná-pupa yẹn dára, àmọ́ ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́ bí ẹni pé SER kú. Carrusel ṣì wà, wọ́n tún ẹgbẹ́ kó jọ, àìmọye èèyàn ni kò kúrò níbẹ̀. Bàbá tèmi níbí, onílé mi, SER ló ń gbọ́ dòní. Ó ní òun ò mọ Paco, Carrusel lòun mọ̀, orin ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sì ṣì jẹ́ èyí tí òun fi dàgbà. Ilé iṣẹ́ náà ní ohùn tirẹ̀.

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀_Abẹ́òkúta:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n dá sí i, torí iṣẹ́ mi lẹ ń sọ.

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ni mí. Mo máa ń ra àkókò lórí rédíò, oṣù mẹ́ta mẹ́ta, n ó sanwó kí n tó sọ̀rọ̀. Èmi ni n ó wá oníṣòwò tó máa polówó, èmi ni n ó ṣe ìpolówó náà lẹ́nu, èmi náà ni n ó lọ gba owó, tí ọlọ́jà ò bá sì san, èmi ni mo jẹ gbèsè. Ètò bọ́ọ̀lù ni mò ń ṣe, àgbo jẹ̀díjẹ̀dí ló ń gbé e. Nígbà kan, ilé iṣẹ́ kan fi owó kún owó àkókò ní ìdajì àdéhùn, mo kó àpò mi, mo gba ibòmíràn lọ. Mi ò gbọdọ̀ sọ fún àwọn olùgbọ́ lórí afẹ́fẹ́ pé mò ń lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ni ìyá alágbo pè mí, ó ní àwọn oníbàárà ń bi òun pé "ibo ni wọ́n gbé bọ̀ọ̀dá yẹn lọ?" Mo mú ìwé tí mo ń kọ nọ́ńbà àwọn tó ń pè wọlé sí, mo pè wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Káàdì ẹgbẹ̀rún méjì náírà ni mo fi kó ètò mi lọ.

Torí náà, Pepe Domingo yẹn yé mi. Ẹni tí kò ṣe é rí rò pé ìpolówó ni èèyàn ń fara dà kí bọ́ọ̀lù tó padà dé. Rárá. Bọ́ọ̀lù lè burú. 0–0, òjò ń rọ̀, kò sẹ́ni tó gbá nǹkan kan. Ìgbà yẹn ni olóhùn ìpolówó ń ṣiṣẹ́. Bó bá fi ẹ̀fẹ̀ kún un, tó kọ ọ́ lórin, tó sì pe olùdarí ètò síbẹ̀ kí ó dáhùn, èèyàn ò ní pa rédíò. Ṣé Pepe máa ń ka tirẹ̀ ni àbí ó ń kọ ọ́ lórin?

Àǹtí_Bísí_Vallecas:

Ó ń kọ ọ́ lórin, ó ń fi í ṣeré, gbogbo àwọn tó wà ní sitúdíò á sì gbè é. Ìpolówó sìgá kékeré kan wà, wọ́n á pariwo pé "Pepe, un purito!" Àwọn ọmọdé tí kò gbọdọ̀ mu sìgá ń pariwo rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́. Lónìí ìjọba ò ní gbà á.

Ṣáájú rẹ̀, Joaquín Prat ló wà nínú iṣẹ́ yẹn. Wọ́n ní orúkọ fún un, animador. Ẹni tó ń ta ètò jí.

Tọ́pẹ́_Ọmọ_Ẹ̀kìtì:

Mo kà á látòkè délẹ̀. Gbogbo orúkọ tẹ́ ẹ dá, ọkùnrin ni. Obìnrin dà?

Àǹtí_Bísí_Vallecas:

Ìbéèrè rẹ tọ́, Tọ́pẹ́. García, De la Morena, Carreño, Juanma Castaño tó ń ṣe El Partidazo lórí COPE: àga òru yẹn, ọkùnrin ló ń gbé e fún ọkùnrin. Àwọn obìnrin wà lẹ́bàá pápá báyìí, wọ́n ń mú máìkì, wọ́n sì mọṣẹ́. Àga ni kò tíì kàn wọ́n. Mo ní ọmọbìnrin kan tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ìròyìn, mo ti sọ fún un pé kó lọ gba àga.

Tọ́pẹ́_Ọmọ_Ẹ̀kìtì:

Àmín, Àǹtí mi. Àga ni kó gbà, kì í ṣe bẹ́ǹṣì.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Leganés:

Àwọn tí a kì í gbọ́ orúkọ wọn ni mo tún fẹ́ béèrè. Ta ló ń mọ̀ pé góòlù ti wọlé ní Las Gaunas?

Dípọ̀_Zaragoza:

Mo ṣe ìkọ́ṣẹ́ oṣù mẹ́rin ní rédíò kékeré kan níbí, mo lè sọ díẹ̀. SER àti COPE, ẹ̀wọ̀n ni wọ́n, ohun tí cadena túmọ̀ sí gan-an nìyẹn. Ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní ilé iṣẹ́ tirẹ̀, kọmẹ́ńtétọ̀ ìlú náà ló wà ní pápá ìlú náà. Ẹnì kejì rẹ̀ wà nísàlẹ̀, lẹ́bàá bẹ́ǹṣì, pẹ̀lú máìkì aláìníwáyà. Inalámbrico ni wọ́n ń pe òun alára, bí ẹni pé èèyàn ni wáyà. Òun ló ń gbọ́ nígbà tí kóòṣì ń bú ọmọ rẹ̀.

Gbogbo ohùn wọ̀nyẹn ń sáré bọ̀ wá sí Madrid, síwájú ẹnì kan tó jókòó lẹ́yìn gíláàsì. Técnico nìyẹn. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí àwọn bọ́tìnnì tó ń gbé ohùn sókè sódò. Ẹni tó wà ní Logroño á pariwo nínú yẹtí rẹ̀, Madrid sì ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Bí técnico bá gbé e sókè kíá, ó di ìtàn. Bó bá pẹ́ ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, ó di ìròyìn àtijọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí n fọwọ́ kan bọ́tìnnì, mo gbé ẹni tí kò yẹ sókè. Ẹni náà ń jẹ búrẹ́dì. Gbogbo ìlú gbọ́ bó ṣe ń jẹ ẹ́.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Ní sáà 2011 sí 2012, líìgì ní kí rédíò máa sanwó kí wọ́n tó wọ sitédíọ̀mù láti gbé ìdíje sáfẹ́fẹ́. Àwọn rédíò ní láéláé. Wọ́n tì wọ́n síta. Àwọn kọmẹ́ńtétọ̀ jókòó sí sitúdíò níwájú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ń sọ ohun tí kámẹ́rà bá fẹ́ fi hàn wọ́n. Bí kámẹ́rà bá ń wo ojú alága ẹgbẹ́ nígbà tí ẹnìkan ń gbá kọ́nà, ìwọ náà, ojú alága lo máa sọ. Oṣù kẹrin 2012 ni òfin ìjọba tó dá wọn padà sínú pápá jáde, pé ìnáwó ibi tí wọ́n bá jókòó sí nìkan ni wọ́n á san.

Ládi_California:

Ìyẹn ò tíì jẹ́ nǹkan kan. Níbí, ní Los Angeles, Jaime Jarrín ṣe irú ẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, òun kò sì jà. Ọmọ Ecuador ni, ó dé Amẹ́ríkà ní 1955, kò rí beisbọ́ọ̀lù rí láyé rẹ̀. Ní 1959 wọ́n gbé e sídìí ìdíje Dodgers, ẹgbẹ́ beisbọ́ọ̀lù ìlú náà, lédè Sípáníìṣì. Bí àwọn Dodgers bá rìnrìn àjò, wọn kì í gbé e dání. Ó máa jókòó sí sitúdíò, á máa gbọ́ Vin Scully, kọmẹ́ńtétọ̀ wọn lédè Gẹ̀ẹ́sì, á sì máa sọ ọ́ padà lédè Sípáníìṣì kíákíá bí ẹni tó wà níbẹ̀. Nígbà tí Fernando Valenzuela, ọmọ Mẹ́síkò tó ń ju bọ́ọ̀lù fún Dodgers, gba ìlú kan ní 1981 tí kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Jarrín náà ló ń ṣe ògbufọ̀ fún un. Ó fẹ̀yìn tì ní 2022. Ọdún 64 lẹ́nu iṣẹ́ kan!

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn Kúbà: Felo Ramírez, kọmẹ́ńtétọ̀ beisbọ́ọ̀lù, ọmọ Bayamo, 1923 ni wọ́n bí i. Láti Havana ló ti bẹ̀rẹ̀, ó parí rẹ̀ sí Miami lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ Marlins. Ẹni àádọ́rùn-ún ó lé mẹ́rin ni nígbà tó kú ní 2017, ìdíje ló sì ń bá ẹgbẹ́ náà rìnrìn àjò lọ nígbà tó ṣubú níbi ọkọ̀ wọn.

Bàbá_Pool_Òṣogbo:

Ládi, o ṣeun, àmọ́ beisbọ́ọ̀lù kò yé mi. Wọ́n ń sá lọ sílé, kí ló dé tí wọ́n kọ́kọ́ kúrò nílé?

Ẹ sọ ti àwọn ọmọ wa. Mútíù Adépọ̀jù kò gbá bọ́ọ̀lù ní Sípéènì ni?

Àǹtí_Bísí_Vallecas:

Bàbá, ẹ fọwọ́ kan ibi tó ń dùn mí. Mútíù ọmọ Ìbàdàn! Ó wá sọ́dọ̀ àwọn ọmọ kékeré Real Madrid, lẹ́yìn náà ó lọ sí Racing Santander, ó lọ sí Real Sociedad. Àwọn ará rédíò níbí kì í pe Adépọ̀jù, "Mutiu" ni wọ́n ń pè é, bí ẹni tí wọ́n jọ dàgbà. Mo wà ní kíṣìnì lọ́jọ́ 13 oṣù kẹfà ọdún 1998, tí Nàìjíríà bá Sípéènì pàdé ní Nantes nínú ife ẹ̀yẹ àgbáyé. Sípéènì kọ́kọ́ gbá a wọlé. Mútíù fi orí kàn án, 1–1. Wọ́n tún gbá a wọlé. Garba Lawal rán bọ́ọ̀lù kan wọ̀ ọ́, ó gba ọwọ́ Zubizarreta, kípà Sípéènì, wọlé. Oliseh ló parí ẹ̀, 3–2. Mo wá lọ sílé ìdáná àwọn ará ìsàlẹ̀ láti lọ gba iyọ̀ tí mi ò nílò, kí n lè rí ojú wọn. Rédíò wọn wà lórí tábìlì, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ọ mọ́.

Àti Wilfred Agbonavbare, kípà Rayo, ẹgbẹ́ àdúgbò mi níbí. Ó kú ní 2015. Ẹnu ọ̀nà kan ní pápá Vallecas ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ dòní. Bí mo bá ń lọ sọ́jà, mo máa ń gba ibẹ̀ kọjá.

Kọ́lá_Mọ́kọ́lá:

Ó dáa, ẹ ti mú mi. Báwo ni mo ṣe lè gbọ́ El Larguero láti Ìbàdàn?

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Leganés:

Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni, ààpù SER. Mọ́kànlá àbọ̀ alẹ́ tiwa ni. Nígbà òtútù, aago wa dọ́gba. Nígbà ooru, mẹ́wàá àbọ̀ ni tiyín.

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀_Abẹ́òkúta:

Èmi náà máa gbọ́ ọ. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ní oníbàárà alágbo.

Kọ́lá_Mọ́kọ́lá:

Mo ti gbọ́ ọ lánàá, fún wákàtí kan àti ààbọ̀. Dátà mi ti tán. Mo gbọ́ "Vinícius", mo gbọ́ "gol", mo gbọ́ ọkùnrin méjì tó ń bú ara wọn tí ẹlòmíràn ń rẹ́rìn-ín. Ohun kan ṣoṣo tó yé mi látòkè délẹ̀ ni ìpolówó.

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀_Abẹ́òkúta:

Kí ni wọ́n ń tà?

Kọ́lá_Mọ́kọ́lá:

Mi ò mọ̀, bọ̀ọ̀dá. Àmọ́ ó ń ṣe mí bíi kí n rà á.